Bí A Ṣe Ń Ṣe Àbẹ̀wò sí Torphichen, Ṣọ́ọ̀ṣì Àwọn Akọgun St John ní Ìgbèríko Scotland

Ní abúlé Torphichen, láàárín ìlú Bathgate àti ìlú Linlithgow ní agbègbè West Lothian ní ilẹ̀ Scotland, ilé òkúta kan wà tí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i kì í tètè mọ ohun tí yóò pè é, nítorí ara rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, orí rẹ̀ sì jọ ti ilé olódi. Torphichen Preceptory ni orúkọ rẹ̀. Òun ni olú ibùjókòó ẹgbẹ́ akọgun ẹlẹ́sìn tí wọ́n ń pè ní Knights Hospitaller, ìyẹn ẹgbẹ́ St John ti Jerúsálẹ́mù, ní gbogbo ilẹ̀ Scotland, láti àárín ọ̀rúndún kejìlá títí di ọdún 1564. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó, yálà Edinburgh tàbí Glasgow ló ń gbé, tàbí ó wá kí ẹbí rẹ̀ láti Nàìjíríà tí ó sì fẹ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ohun tí kì í ṣe ọjà rírà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ná. Torphichen kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sáré wọ̀, kí ó ya fọ́tò, kí ó sì jáde. Ilé náà kéré, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti wó, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó ń wá yóò parí ìrìn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì máa ṣe kàyéfì pé kí ni wọ́n ní òun wá wò. Ohun tí ẹ bá mọ̀ kí ẹ tó débẹ̀ àti bí ẹ bá ṣe to ìrìn yín ni yóò sọ bóyá ọjọ́ náà yóò dùn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ rí i dájú pé ìlẹ̀kùn yóò ṣí

Historic Environment Scotland, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ilẹ̀ náà, ló ń bójú tó Torphichen Preceptory. Wọn kì í ṣí i lójoojúmọ́. Ìgbà ooru nìkan ni wọ́n máa ń ṣí i, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ nínú ọ̀sẹ̀, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, láti nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àjọ náà ti ń yẹ àwọn òkúta tó wà lókè ògiri ọ̀pọ̀ ilé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò, kí òkúta má baà já lu ènìyàn lórí, wọ́n sì máa ń ti ilé kan tàbí apá kan nínú rẹ̀ pa títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nítorí náà, ẹ wo ìkànnì àjọ náà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, kì í ṣe oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì tún un wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn.

Bí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má fi ìbéèrè mọ sórí pé ṣé ilé ṣí. Ẹ bèèrè bóyá yàrá tó wà lókè ṣí, bóyá wọ́n ń gba owó ìwọlé, àti aago mélòó ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò ìkẹyìn wọlé. Àgbàlá ìsìnkú tó yí ilé náà ká kò so mọ́ àkókò ìṣílẹ̀kùn yìí, ẹ sì lè wo ara ilé láti ìta bí ìlẹ̀kùn bá tilẹ̀ wà ní títì. Ìdajì ìbẹ̀wò ni ìyẹn, kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ọmọdé tàbí àgbàlagbà dání, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà láì ní ìdánilójú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó gbéra

Ibí ni ó yẹ kí á ti fara balẹ̀, nítorí pé láìsí ìtàn, òkúta lásán ni ẹ ó rí.

Jerúsálẹ́mù ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó rìnrìn àjò lọ jọ́sìn ní ilẹ̀ mímọ́. Ní ọdún 1113, Póòpù Paschal Kejì fọwọ́ sí i pé kí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn yìí gbé idà pẹ̀lú, wọ́n sì di ọmọ ogun tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ bíi ti àwọn mọ́ńkì: wọn kò ní fẹ́ ìyàwó, wọn kò ní ní ohun ìní tí í ṣe tara ẹni, wọn yóò sì máa gbọ́ràn sí ọ̀gá wọn lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ń jẹ owó, ogun sì ń jẹ owó jù ú lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jà kò lè mú owó náà wá, nítorí náà àwọn ọba àti ìjòyè káàkiri Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ, kí àǹfààní tó bá ti ibẹ̀ jáde lè máa lọ sí Ìlà-oòrùn.

David Kìn-ín-ní, ọba Scotland láti ọdún 1124 sí 1153, ni wọ́n gbà pé ó fún wọn ní ilẹ̀ Torphichen. Nítorí náà, ẹ má ṣe ronú pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún akọgun ló ń gun ẹṣin káàkiri abúlé yìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé ibẹ̀ kò pọ̀. Iṣẹ́ wọn gan-an ni kí wọ́n gba ìsákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n dájọ́ àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ wọn, kí wọ́n sì fi ìpín tó yẹ ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti rí bí àgbẹ̀ tó wá láti ìlú mìíràn ṣe ń gbé iṣu àti epo lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún ti mọ bí ètò náà ṣe rí, àfi pé onílẹ̀ tiwọn ń gbé ní òdìkejì òkun. Clerkenwell ní London ni ọ̀gá tó wà lórí Torphichen ń gbé, olórí pátápátá sì ń ṣí kiri bí ogun bá ṣe ń lé e: ní Jerúsálẹ́mù, ní Acre títí di ọdún 1291, ní Cyprus, ní Rhodes títí di 1522, àti lẹ́yìn náà ní Malta láti 1530. Gbogbo ìṣílọ yẹn ni ìsákọ́lẹ̀ abúlé yìí ń tẹ̀ lé.

Pé Clerkenwell ló wà lórí wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí òun ló fa wàhálà nígbà tí ogun bẹ́ láàárín Scotland àti England. Ní oṣù kẹta ọdún 1298, William Wallace, tó ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun England ní Stirling Bridge ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú, wà ní Torphichen gẹ́gẹ́ bí Alágbàtọ́ ìjọba Scotland, ìyẹn ẹni tó ń ṣàkóso dípò ọba, ibẹ̀ ló sì ti fún Alexander Scrymgeour ní ìwé ilẹ̀ ní Dundee. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún yẹn kan náà, ogun Falkirk bẹ̀rẹ̀. Alexander de Welles, olórí ilé Torphichen, kú sínú ogun náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Edward Kìn-ín-ní, ọba England, ni ó wà nígbà tó kú. Ilé kan náà, ọdún kan náà: Wallace ń fọwọ́ sí ìwé nínú rẹ̀, onílé ń bá ọ̀tá Wallace jagun. Ìtàn àdúgbò sọ pé Edward fúnra rẹ̀, ẹni tí ẹṣin ti ṣe léṣe ní egungun ìhà ní alẹ́ tó ṣáájú ogun náà, dé Torphichen lẹ́yìn Falkirk láti gba ìtọ́jú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da ẹgbẹ́ yìí pọ̀ mọ́ àwọn Knights Templar. Ẹgbẹ́ akọgun ẹlẹ́sìn ọ̀tọ̀ ni àwọn Templar, ibùjókòó tiwọn ní Scotland sì ni Balantrodoch, abúlé tí wọ́n ń pè ní Temple lónìí, ní agbègbè Midlothian. Nígbà tí Póòpù Clement Karùn-ún tú ẹgbẹ́ Templar ká ní ọdún 1312, ó pàṣẹ pé kí ilẹ̀ wọn di ti àwọn Hospitaller. Bí Torphichen ṣe di ibi tí wọ́n ti ń ṣàkóso ogún ẹgbẹ́ méjì nìyẹn. Mo mọ̀ pé Rosslyn Chapel, ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Edinburgh, ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ nítorí ìtàn àwọn Templar. Ilé náà rẹwà, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ọdún 1446 ni William Sinclair bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn tí kò ti sí Templar mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ilé tí ẹgbẹ́ akọgun ẹlẹ́sìn gbé inú rẹ̀ ní ti gidi, Torphichen ni kí ó lọ.

Àtúnṣe ẹ̀sìn tó wáyé ní Scotland ní ọdún 1560, nígbà tí ilẹ̀ náà kúrò lábẹ́ Póòpù, ló fi òpin sí i. James Sandilands, tó jẹ́ olórí ilé náà kẹ́yìn, ti gba ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ní ọdún 1564 ó jọ̀wọ́ gbogbo ilẹ̀ ẹgbẹ́ náà fún Ọbabìnrin Mary, ọbabìnrin sì tún dá a padà fún un gẹ́gẹ́ bí ohun ìní tirẹ̀, lẹ́yìn tó san 10,000 owó kíráùn. Láti ìgbà náà ni ìdílé rẹ̀ ti ń jẹ oyè Lord Torphichen. Ohun tí wọ́n fi ta ilé ìwòsàn Jerúsálẹ́mù lọ́rẹ di ogún ìdílé kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá kó ọmọdé dání, ọ̀nà kan wà tí ìtàn náà fi lè tètè yé wọn. Àgbélébùú funfun tó ní ṣóńṣó mẹ́jọ, tó wà lára aṣọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ St John Ambulance tí a máa ń rí ní pápá eré ìdárayá àti níbi àpéjọ ńlá ní Nàìjíríà, àmì àwọn Hospitaller ni. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ ti òde òní yìí ti wà láti ayé àwọn akọgun náà. Ọdún 1877 ni wọ́n dá St John Ambulance sílẹ̀ ní England, tí wọ́n sì gba orúkọ àti àmì àtijọ́ náà. Síbẹ̀, ọmọ tó bá ti rí àmì yẹn rí nílé yóò mọ ohun tó ń wá nígbà tó bá dé Torphichen.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan ọ̀nà tí ẹ ó gbà

Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó dé Torphichen. Ibùdókọ̀ méjì ló súnmọ́ ọn. Bathgate, tó wà lójú irin kan láàárín Edinburgh àti Glasgow, tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin sí abúlé náà lápá gúúsù. Linlithgow, tó wà lójú irin mìíràn láàárín ìlú méjì yẹn kan náà, tó nǹkan bí kìlómítà méje lápá àríwá ìlà-oòrùn. Láti ibùdó méjèèjì, takisí tàbí bọ́ọ̀sì ni yóò gbé yín dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìgbèríko kì í wá léraléra, ó sì lè dín kù gan-an ní ọjọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ sì ni òpin ọ̀sẹ̀ gan-an ni ilé yìí sábà máa ń ṣí. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì lórí ìkànnì Traveline Scotland, kí ẹ sì wo ti àbọ̀ kí ẹ tó wo ti àlọ.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ojú ọ̀nà B792 láti Bathgate ni yóò gbé yín wọ àárín abúlé. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ dí ẹnu géètì oko tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá lè rìn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Bathgate láàárín wákàtí kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ rìn ní apá ọ̀tún, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú yín, nítorí pé apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà dé láìpẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn gidigidi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ múra fún ojú ọjọ́ àti oúnjẹ

Ẹ̀wù òjò tó ní fìlà sàn ju agboòrùn lọ, nítorí afẹ́fẹ́ àwọn òkè Bathgate máa ń yí agboòrùn padà. Ẹ wọ bàtà tó lè tẹ koríko tútù. Inú ilé òkúta náà máa ń tutù kódà nínú ooru, ẹ mú súwẹ́tà dání. Tọ́ọ̀ṣì kékeré yóò wúlò fún wíwo ohun tí wọ́n fín sára ògiri. Ẹ di oúnjẹ dání bí ẹ bá ní ọmọ kékeré, nítorí abúlé ni ibẹ̀, ẹ kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ ó rí ohun tí ẹnu yín mọ̀ rà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ́kọ́ yí ilé náà ká

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ṣe wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú àlejò là, kò fi ríran. Ìyíká yìí ni yóò jẹ́ kí ojú yín ríran.

Ẹ dúró sí apá gúúsù àgbàlá ìsìnkú, kí ẹ wo ilé náà láti òsì sí ọ̀tún. Ilé funfun tó kéré ní òsì, lápá ìwọ̀-oòrùn, ni ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ abúlé náà, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1756. Ilé òkúta gíga tó tẹ̀ lé e ni èyí tí ẹ wá wò. Ní àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn akọgun náà ní ìrísí àgbélébùú: apá tí ìjọ ń jókòó sí wà ní ìwọ̀-oòrùn, apá ibi pẹpẹ wà ní ìlà-oòrùn, apá kan nà sí àríwá, ọ̀kan nà sí gúúsù, ilé ìṣọ́ sì wà lórí àárín. Apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n wó láti fi àyè gba ṣọ́ọ̀ṣì 1756. Apá pẹpẹ ti pòórá. Ohun tó kù ni àárín, ilé ìṣọ́ rẹ̀, àti apá méjì tó nà sí àríwá àti gúúsù.

Ní báyìí, ẹ rìn lọ sí ẹ̀yìn, ní apá ìlà-oòrùn. Ẹ wo ara ògiri ilé ìṣọ́: ẹ ó rí ìlà tó dagun ní ọ̀tún àti ní òsì, tó pàdé lókè. Ibẹ̀ ni òrùlé apá pẹpẹ ti fara ti ògiri rí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ńlá tó so àárín ilé pọ̀ mọ́ ibi pẹpẹ ti di ohun tí wọ́n fi òkúta dí pa. Ẹ rò ó pé ẹ ń dúró sí àárín ibi tí àwọn akọgun ti máa ń kọrin àdúrà wọn lóru àti lọ́sàn-án, orí koríko ni ẹ sì wà.

Apá àríwá ni ilé gbígbé wọn wà. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju àmì ìpìlẹ̀ lọ. Ẹ lè yára kọjá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wá òkúta ààbò

Nínú àgbàlá ìsìnkú, láàárín àwọn sàréè, òkúta kúkúrú kan wà tí wọ́n fín àgbélébùú sí lára, tó sì ní àwọn ihò róbótó-róbótó tí ó ti wà lára rẹ̀ láti ayé àtijọ́ tí ẹ̀sìn Kristẹni kò tíì dé ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n á rò pé sàréè kan ni. Òun ni àárín gbùngbùn ilẹ̀ ààbò Torphichen. Ẹni tí wọ́n bá ń lé, yálà ó jẹ gbèsè tàbí ó ṣẹ̀ sófin, tó bá ti lè dé inú ààlà ilẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi agbára mú un níbẹ̀. Àwọn òkúta mìíràn tó ní àgbélébùú wà ní nǹkan bí máìlì kan sí i ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti fi ibi tí ààbò náà pin sí hàn. Ẹni tó bá ti ka ìwé Númérì nínú Bíbélì Yorùbá ti mọ ìlú ààbò. Ètò tó jọ ọ́ ni èyí, àfi pé níhìn-ín ẹgbẹ́ onílẹ̀ ni ó ní kóòtù, tí ó sì ní ààbò pẹ̀lú.

Bí ẹ bá fẹ́ wá òkúta ìta náà, ẹ ra máàpù Ordnance Survey, yálà Landranger 65 tàbí Explorer 349. Oko ni ọ̀nà wọn máa ń gbà kọjá. Òfin ilẹ̀ Scotland ti ọdún 2003 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn gba orí ilẹ̀ olóko, bí wọ́n bá ń ṣe é lọ́nà tó yẹ: ẹ má ṣe tẹ ohun ọ̀gbìn mọ́lẹ̀, ẹ ti géètì bí ẹ bá bá a ní títì, ẹ yàgò fún màlúù tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sì wọ àgbàlá ilé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gba inú koríko gíga kọjá, ẹ yẹ ẹsẹ̀ yín wò fún eégbọn lẹ́yìn náà, nítorí eégbọn ibẹ̀ lè kó àrùn ran ènìyàn. Ní tèmi, bí àkókò kò bá tó, òkúta àgbàlá nìkan tó.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wọ inú ilé

Bí ẹ bá wọlé, ẹ dúró sí abẹ́ ilé ìṣọ́ kí ojú yín mọ́ra pẹ̀lú òkùnkùn díẹ̀. Ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹnu ọ̀nà ńlá tó wà níbẹ̀, tó ṣí sí apá tí ìjọ ń jókòó sí láyé àtijọ́, wà lára ohun tó pẹ́ jù nínú ilé náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ojú sókè wo àjà òkúta. Ọ̀pá òkúta títẹ̀ tó ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde tó sì pàdé lókè ni ó gbé gbogbo ẹrù àjà náà. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí Andrew Meldrum jẹ́ olórí, wọ́n tún apá àríwá àti gúúsù ṣe, wọ́n fi fèrèsé tuntun sí wọn, wọ́n sì fi àjà òkúta bò wọ́n.

Níhìn-ín ni tọ́ọ̀ṣì ti wúlò. Ẹ tan iná náà láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà, sí ara ògiri àárín ilé. Àwọn ìlà tó tẹ̀ tí ẹ ó rí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé aláìgbọràn. Àwọn mọlémọlé ló fín wọn síbẹ̀ nígbà iṣẹ́, láti fi wọn bí òkúta àjà yóò ṣe tẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé orúkọ àwọn olórí wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ kò sí níbòmíràn ju ara ògiri yìí lọ. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ẹ wá òkúta ìrántí tó ní orúkọ Walter Lindsay àti ọdún 1538 lára. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́. Lindsay jẹ́ olórí ilé náà, ó sì tún jẹ́ adájọ́ àgbà ilẹ̀ Scotland, èyí tó fi hàn pé ní ìparí ayé wọn, olórí Torphichen ti di ìjòyè ńlá nínú ìjọba ju pé ó jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn lọ.

Bí yàrá òkè bá ṣí, àtẹ̀gùn òkúta tóóró tó ń lọ́ yípo ni yóò gbé yín dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni kan gòkè tán kí ẹlòmíràn tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọ́dọ̀ fipá gùn ún, kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kò sì lè dé ibẹ̀. Àwọn yàrá wà lórí àjà, wọ́n sì ní ibi ìdáná, èyí tó ń fi hàn pé ènìyàn gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn Àtúnṣe ẹ̀sìn, kóòtù ni wọ́n fi àwọn yàrá yìí ṣe, ìdí pàtàkì sì nìyẹn tí apá ilé yìí fi wà láìwó nígbà tí ibi pẹpẹ ti di ilẹ̀: ẹ̀sìn àtijọ́ kò nílò rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ṣì nílò òrùlé.

Fún ọ̀rọ̀ fọ́tò, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó lo iná kámẹ́rà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ bọ̀wọ̀ fún ibi tí ẹ wà

Ṣọ́ọ̀ṣì 1756 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe ti Historic Environment Scotland. Bí ẹ bá bá ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé, bí ìsìn bá sì ń lọ, ẹ dín ohùn yín kù nínú àgbàlá. Àwọn ìdílé abúlé náà sin òkú wọn síbẹ̀; ẹ má ṣe jókòó lórí òkúta sàréè láti jẹun, bí àwọn ọmọ bá tilẹ̀ ń ké pé ebi ń pa wọ́n.

Abúlé yìí kan náà ni wọ́n ti bí Henry Bell ní ọdún 1767, ẹni tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, Comet, bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ooru omi gbé èrò lórí odò Clyde ní ọdún 1812. Kò kan àwọn akọgun, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fẹ́ràn ẹ̀rọ yóò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, ẹ gun òkè Cairnpapple

Ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí abúlé náà, lápá ìlà-oòrùn, ni òkè Cairnpapple wà. Gíga rẹ̀ tó mítà 312. Stuart Piggott walẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1947 àti 1948, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn ti ń sin òkú, tí wọ́n sì ń ṣe ètùtù lórí òkè yìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn akọgun tó dé. Wọ́n ti fi kọnkéré bo ibojì àárín rẹ̀ báyìí, ní àkókò tí wọ́n bá sì ṣí i, àkàbà ni ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi dá a lábàá kì í ṣe ibojì nìkan. Láti orí òkè náà ni ẹ ó ti rí bí ilẹ̀ oko ṣe tẹ́ lọ títí kan odò Forth lápá àríwá, ìgbà yẹn ni yóò sì yé yín irú ilẹ̀ tí ìsákọ́lẹ̀ ti ń jáde.

Ẹ fi wákàtí kan sí i fún òkè náà, àti òmíràn fún àbọ̀ sí abúlé bí ẹsẹ̀ ni ẹ fi rìn. Nínú oṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, kò sí ìkánjú. Ṣùgbọ́n tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, òkùnkùn máa ń yá, ojú ọ̀nà àárín oko kò sì ní iná. Kí ẹ kúrò lórí òkè ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń padà sí Edinburgh lè ní kí takisí wá gbé òun ní ìsàlẹ̀ òkè lọ sí Linlithgow dípò Bathgate. Ààfin tí wọ́n ti bí Ọbabìnrin Mary ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1542 wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi, ó súnmọ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ sì lè wò ó láti ìta nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀.